Ìda, sílántì, síràmíìkì tàbí fíìmù: èwo ni mọ́tò yín lè gbà l'Ékòó lásìkò òjò àti ọyẹ́?

Ìwé pélébé tó máa ń wà nínú páálí síràmíìkì, omi inú ìgò tí wọ́n ń kùn bo ọ̀dà mọ́tò, sábà máa ń kìlọ̀ pé kí a má fi kan ara mọ́tò tí ojú ọjọ́ bá tutù ju dígírì 10 lọ. Ará Súrùlérè tó bá kà á á rẹ́rìn-ín, á jù ú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan: ìgbà wo ni Èkó tutù débẹ̀? Tó bá máa fi di ọjọ́ kẹta, bọ́nẹ́ẹ̀tì á ti yọ àwọ̀ eérú lójú mẹ́ta mẹ́rin, bí ẹni pé wọ́n ta omi ọṣẹ sí i tí wọn ò ṣàn án. Òtútù kọ́ ló fà á. Ìlà kan wà lábẹ́ ti òtútù nínú ìwé yẹn tó sọ̀rọ̀ nípa ọ̀rinrin. Kò kà á dé ibẹ̀.

Ohun mẹ́rin ni wọ́n ń tà fún wa láti fi dáàbò bo ọ̀dà mọ́tò: ìda, sílántì (omi kẹ́míkà tó ń ṣiṣẹ́ bí ìda), síràmíìkì àti fíìmù (ọ̀rá tó mọ́ gaara tí wọ́n ń tẹ́ lé ọ̀dà). Àwọn tó ń tà wọ́n máa ń fi owó àti iye ọdún tí wọ́n ń lò wé ara wọn. A ò ní bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀. Ohun tó yẹ kí ẹ kọ́kọ́ kà ni wákàtí gbígbẹ: wákàtí mélòó lẹ lè fọwọ́ sọ̀yà pé omi ò ní kan mọ́tò náà, ìrì ò ní sẹ̀ sí i, oòrùn ò sì ní yan án? Ẹni tó ní gáréèjì onílẹ̀kùn ní Mágódò àti ẹni tó ń páàkì sẹ́nu ọ̀nà ojúlé létí gọ́tà ní Mùṣín ò lè ra ohun kan náà, bí owó wọn tiẹ̀ dọ́gba.

Òtútù tiwọn, òtútù tiwa

Ní Kánádà tàbí Ìlú Ọba lóṣù Kìíní, ohun tó ń dá wọn lágara ni pé síràmíìkì kì í gbẹ bọ̀rọ̀. Omi kẹ́míkà tó gbé e dání yẹ kó fẹ́ lọ ní ìṣẹ́jú kan sí mẹ́ta; tí òtútù bá mú, ó jókòó síbẹ̀ ni. Ẹ ti rí bí àdí ṣe ń dì mọ́ ìgò lásìkò ọyẹ́. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe ń fà lábẹ́ táwẹ́ẹ̀lì tí wọ́n bá fẹ́ nù ún. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń gbé mọ́tò wọ ilé tí hítà ti ń ṣiṣẹ́, tí wọ́n sì ń dúró kí irin fúnra rẹ̀ lọ́ wọ́ọ́rọ́, torí afẹ́fẹ́ ilé lè ti gbóná kí bọ́nẹ́ẹ̀tì ṣì tutù bíi yìnyín.

Tiwa pé méjì. Òtútù òjò ń bẹ láti oṣù Kẹfà dé oṣù Kẹjọ: dígírì 24 sí 28 ni ojú ọjọ́ sábà máa ń wà, àmọ́ afẹ́fẹ́ kún fún omi. Òtútù ọyẹ́ ń bẹ láàárín oṣù Kejìlá sí oṣù Kejì: àárọ̀ lè sún mọ́ dígírì 20, ètè á bẹ́, afẹ́fẹ́ á gbẹ, eruku á sì bo gbogbo nǹkan. Èyí àkọ́kọ́ ń fi omi bá wa jà, èkejì ń fi eruku.

Ìrì ló yẹ ká ṣírò. Ká ní fóònù yín sọ pé dígírì 26 ni, tí ọ̀rinrin sì jẹ́ 88 nínú 100, èyí tí kò ṣàjèjì lóṣù Keje. Ẹ yọ 88 kúrò nínú 100, ó ku 12. Ẹ fi 5 pín in, ó di 2.4. Ẹ yọ ìyẹn kúrò nínú 26, ó ku 23.6. Ohunkóhun tó bá tutù tó nǹkan bíi dígírì 24 ni ìrì á sẹ̀ sí, mọ́tò tó sùn síta mọ́jú sì máa ń tutù tó bẹ́ẹ̀. Kí ẹ tó fi nǹkan kan bọ́nẹ́ẹ̀tì, irin rẹ̀ gbọ́dọ̀ fi ó kéré tán dígírì 3 gbóná ju ibi tí ìrì ti ń bẹ̀rẹ̀ lọ. Nínú àpẹẹrẹ yìí, ìyẹn dígírì 27. Ẹ ò ní rí i láago méje àárọ̀; ó lè tó aago mẹ́wàá kí ẹ tó rí i.

Ìṣirò yẹn ń ṣe déédéé tí ọ̀rinrin bá ju 50 lọ; kì í péye mọ́ tí ọyẹ́ bá ti dé. Àmọ́ ọyẹ́ ò nílò ìṣirò púpọ̀. Ní dígírì 22 pẹ̀lú ọ̀rinrin 40, irin ní láti tutù dé nǹkan bíi dígírì 8 kí ìrì tó sẹ̀, kò sì sí irin tó ń tutù débẹ̀ l'Ékòó, àfi èyí tó wà nínú fíríìjì.

Ẹ̀rọ tí ẹ máa fi wọn irin ni ìbọn ìwọ̀n ìgbóná, àbúrò èyí tí wọ́n ń nà sí wa níwájú orí lẹ́nu ọ̀nà báńkì lọ́dún 2020. Ẹ má lo ti iwájú orí yẹn gan-an o: èyí tó pọ̀ nínú wọn kì í ka ju ìwọ̀n ara èèyàn lọ. Èyí tí àwọn atún-éasì-ṣe ń lò ni kí ẹ wá. Ó ń wúlò lápá kejì náà, torí bọ́nẹ́ẹ̀tì dúdú tó wà nínú oòrùn ọ̀sán lè kọjá dígírì 60. Tí irin bá ti kọjá 35, ẹ dúró, bó ti wù kí ojú ọjọ́ dùn tó. Ẹni tí kò bá ní ìbọn, kó fi ẹ̀yìn ọwọ́ lé irin náà: tó bá gbóná lọ́wọ́ rẹ̀, kò tíì yá.

Ohun kan tó máa ń tan àwọn olówó jẹ: gáréèjì tó ní éasì. Wọ́n á mú ilé tutù dé dígírì 20, wọ́n á kun mọ́tò tán, wọ́n á wá ṣílẹ̀kùn. Mọ́tò á làágùn bí ìgò mínírà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fà yọ nínú fíríìjì, lórí síràmíìkì tí kò tíì dì. Tí ẹ bá máa lo éasì, ẹ jẹ́ kó gbẹ afẹ́fẹ́ nìkan. Ẹ fi sí dígírì 26, kí ẹ sì pa á ní wákàtí kan kí ilẹ̀kùn tó ṣí.

Wákàtí gbígbẹ tí olúkúlùkù ń fẹ́

Sílántì àfọ́n, èyí tí wọ́n ń fọ́n sí ara mọ́tò tó ṣì tutù lẹ́yìn ìfọ̀: kò fẹ́ ìkankan.
Ìda: nǹkan bíi wákàtí kan, látìgbà tí ẹ fi kàn án dé ìgbà tí ẹ nù ún tán.
Sílántì àfipa, olómi inú ike: wákàtí 12.
Síràmíìkì: wákàtí 24 láìsí ẹ̀kán omi, lẹ́yìn náà ọjọ́ 7 láìsí ọṣẹ.
Fíìmù: ilé tó pa dé, tí eruku ò wọ̀, fún ọjọ́ kan sí mẹ́ta, lẹ́yìn rẹ̀ ọ̀sẹ̀ kan láìfi omi alágbára kàn án.

Ìnáwó náà bá ètò yìí rìn, láti òkè lọ sí ìsàlẹ̀, àfi ìda àti sílántì àfọ́n tí owó wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba.

Ìda

Èyí tó dáa jù nínú ìda mọ́tò ń wá láti ara ewé ọ̀pẹ kan tó ń hù ní Bùràsíìlì, carnauba lorúkọ rẹ̀. Bó ṣe wà, ó tó dígírì 82 sí 86 kó tó yọ́. Èyí tó wà nínú agolo kì í ṣe òun nìkan, epo wà nínú rẹ̀ tó ń jẹ́ kó rọrùn láti pa, epo yẹn sì ń mú un rọ̀. Nítorí náà, ìda tí wọ́n kọ oṣù mẹ́ta sí lára, ẹ fún un ní ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí mẹ́fà tí mọ́tò bá ń jókòó nínú oòrùn Ìkejà látàárọ̀ dalẹ́.

Gíráàmù 15 sí 20 tó fún Corolla kan. Agolo gíráàmù 200 á ṣe é tó ìgbà mẹ́wàá. Ẹni tó ń fi ìka gbọ́n ìda bí ẹni ń bu àmàlà ń fi owó ṣòfò, torí ìpele àkọ́kọ́ tó kan ọ̀dà nìkan ló ń lẹ̀. Ìyókù, táwẹ́ẹ̀lì ni yóò kó o lọ, á sì fi lẹ́búlẹ́bú funfun há àárín rọ́bà àti létà ẹ̀yìn mọ́tò. Ẹ pa á fẹ́lẹ́ débi tí ẹ ò ní fẹ́rẹ̀ẹ́ rí i. Ẹ fi ìka fà á lẹ́ẹ̀kan: tó bá mọ́ láìfà, ó ti yá láti nù. Lásìkò ọyẹ́ ìṣẹ́jú márùn-ún ti tó. Lóṣù Keje ó lè gbà tó ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, ẹni tí kò bá sì ní sùúrù á máa nu ìda kiri ara mọ́tò títí ilẹ̀ á fi ṣú.

Ìwà rere ìda ni pé kò sí àṣìṣe tí ẹ máa ṣe níbẹ̀ tí táwẹ́ẹ̀lì mìíràn ò lè tún ṣe. Ọ̀tá rẹ̀ ni ọṣẹ ìfọṣọ. Ọmọ kááwọ́ọ̀ṣì tó bu ìkúnwọ́ kan sínú bọ́kẹ́ẹ̀tì ti ṣí ìda yín kúrò nílẹ̀ kí ó tó dé búùtì. Ẹ gbé ọṣẹ mọ́tò tiyín dání, kí ẹ sì bẹ̀ ẹ́ kó má fi kànìnkànìn tó fi fọ táyà gun bọ́nẹ́ẹ̀tì. Ìyẹn nìkan fi ọ̀sẹ̀ kún ọjọ́ ayé ìda.

Sílántì

Àfọ́n ni a máa sọ fún ẹni tí mọ́tò rẹ̀ ń sùn síta láti oṣù Kẹfà dé oṣù Kẹwàá, láì tún rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Omi tó ń ba ti àwọn tó kù jẹ́, òun gan-an ni òun fi ń ṣiṣẹ́. Ẹ fọ mọ́tò, ẹ ṣàn án, ẹ má nù ún. Ẹ fọ́n ọn lẹ́ẹ̀mejì sí ẹ̀ẹ̀mẹta sí ilẹ̀kùn kọ̀ọ̀kan, ẹ̀ẹ̀mẹrin sí bọ́nẹ́ẹ̀tì, kí ẹ sì tẹ omi lé e lójú ẹsẹ̀. Ẹ má fọ́n gbogbo mọ́tò tán kí ẹ tó ṣàn án. Apá kan ni kí ẹ máa ṣe lẹ́ẹ̀kan, torí tó bá gbẹ kí omi tó dé, ó máa yọ ìlà gígùn gígùn tó jẹ́ pé kọ́ńpáùndì, ìpara tó ń họ ojú ọ̀dà díẹ̀, ló máa ká a. Ẹ yẹra fún gíláàsì iwájú: wáípà á máa fò, á máa ké, ẹ ò sì ní ríran dáadáa nínú òjò òru. Ó ń lò tó ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sí mẹ́jọ.

Àfipa dáa ju ìda lọ nínú oòrùn, ó ń lo oṣù mẹ́ta sí mẹ́rin lọ́dọ̀ wa, àmọ́ wákàtí 12 tó ń fẹ́ yẹn ṣòro láti rí lásìkò òjò fún ẹni tí kò ní òrùlé. Oṣù Kọkànlá ló yẹ fún un, nígbà tí òjò ti lọ tí ọyẹ́ ò tíì dé.

Síràmíìkì

Ibí yìí ni owó ti ń ṣòfò jù, nítorí náà a máa pẹ́ níbẹ̀ díẹ̀.

Ẹ kọ́kọ́ gbé ọ̀rọ̀ 9H kúrò nílẹ̀. Kì í ṣe líle òkúta. Òṣùwọ̀n pẹ́ńsù ni: wọ́n fi pẹ́ńsù tó le jù nínú páálí họ ojú rẹ̀, kò họ. Síràmíìkì nípọn tó máíkírónù kan sí méjì, irun orí èèyàn kan sì tó bíi 70. Ohun tó fẹ́lẹ́ tó yẹn ò lè dá ẹ̀gbẹ́ dánfó dúró ní Òjúẹlẹ́gba, kò sì lè dá ọwọ́ ọ̀kadà dúró. Ohun tó ń ṣe ni pé kì í jẹ́ kí ìgbẹ́ ẹyẹ, èéfín, iyọ̀ ẹ̀bá òkun àti ìtànṣán oòrùn tètè ráyè sí kílíà (ìpele tó mọ́ gaara tó wà lókè ọ̀dà), ó sì ń jẹ́ kí ìdọ̀tí tètè ṣí.

Ìgò mílílítà 30 tó fún Corolla tàbí Camry, mílílítà 50 fún jíìpù ńlá. Ìgò tó bá ti ṣí ń mu ọ̀rinrin. Tó bá pẹ́ nílé, ẹ máa rí lẹ́búlẹ́bú tàbí ẹ̀yọ́ gíláàsì kéékèèké lẹ́nu rẹ̀. Ẹ má lò ó, ó máa họ ọ̀dà. Nípa ayédèrú, ẹ̀kán kan ló máa sọ fún yín: ẹ kán an sórí dígí tó mọ́, ẹ fi sílẹ̀ di ọjọ́ kejì, kí ẹ fi òwú tó ní isopropyl (ọtí kẹ́míkà tí wọ́n fi ń nu òróró) nù ún. Ojúlówó á ti dì mọ́ dígí, èékánná á kọ́ ọ. Òróró sílíkóònì á nù lọ bí epo irun.

Ìmúra gba àkókò ju ìkùn lọ. Ẹ fọ̀ ọ́, ẹ fi amọ̀ ìfàdọ̀tí wọ́ gbogbo ara rẹ̀ pẹ̀lú omi ọṣẹ títí ọwọ́ yín á fi máa yọ̀ lórí rẹ̀, kí ẹ sì fi ẹ̀rọ pólíìṣì pa àwọn ìlà yíyípo tí kànìnkànìn kááwọ́ọ̀ṣì ti fà sí i. Ìlà tí ẹ bá fi síràmíìkì bò mọ́lẹ̀ á wà níbẹ̀ fún ọdún méjì. Lẹ́yìn náà, ẹ da isopropyl ìdá 70 nínú 100 mọ́ omi tó mọ́ ní ìdajì-ìdajì, kí ẹ fi nu òróró pólíìṣì kúrò. Ẹ má lo sípíríìtì aláwọ̀ àlùkò ti kẹ́míìsì.

Níbi tí ẹ ti ń kùn ún, ojú kan tó fẹ̀ tó sẹ̀ntímítà 60 sí 60 ni kí ẹ mú lẹ́ẹ̀kan. Ẹ̀kán mẹ́fà sí mẹ́jọ sórí aṣọ kékeré tí ẹ fi wé fóòmù. Ẹ pa á lọ sókè-sódò, kí ẹ tún pa á lọ sọ́tùn-ún-sósì. Lẹ́yìn náà ẹ má mójú kúrò. Á kọ́kọ́ tàn bí omi, á wá bẹ̀rẹ̀ sí í yọ òṣùmàrè, bí epo bẹntiróòlù tó kán sínú omi gọ́tà. Kété tí òṣùmàrè bá ti bò ó, tó ń dì jọ ní ẹ̀kán wínníwínní, ni kí ẹ fi táwẹ́ẹ̀lì àkọ́kọ́ nù ún, kí ẹ sì fi èkejì dán an. Ìwé ìgò á sọ pé ìṣẹ́jú kan sí mẹ́ta. Ìwé ìgò ò mọ Èkó. Ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ ló ń mú síràmíìkì dì, tiwa sì pọ̀. Lóṣù Keje òṣùmàrè lè yọ kí ìṣẹ́jú kan tó pé. Nínú ọyẹ́ gbígbẹ, ó lè pẹ́ ju ti ìwé lọ. Ẹ dán an wò nísàlẹ̀ ilẹ̀kùn ẹ̀yìn kí ẹ tó gun bọ́nẹ́ẹ̀tì.

Ibi tí ẹ ò bá nù dáadáa á di àpá epo, dúdú díẹ̀, tí ẹ kì í rí níwájú àfi tí ẹ bá tẹ orí. Ẹ fi tọ́ọ̀ṣì alágbára tàn án láti ẹ̀gbẹ́, kì í ṣe láti òkè. Iná NEPA kì í ṣe ohun tí èèyàn ń gbẹ́kẹ̀ lé níbí: ẹ gba làm̀pù oníbátìrì sí, torí iná tó bá lọ ní ìdajì bọ́nẹ́ẹ̀tì á fi àpá síbẹ̀. Láàárín wákàtí kan, ẹ lè kán síràmíìkì tuntun sórí àpá náà, kí ẹ nù ún lójú ẹsẹ̀. Àtijọ́ á rọ̀, á bá a lọ. Tó bá ti di ọjọ́ kejì, ẹ̀rọ pólíìṣì nìkan ló kù. Àwọn táwẹ́ẹ̀lì yẹn, ẹ sọ wọ́n nù. Ohun tó mu síràmíìkì á le bí sáńpépà, iyàwó ilé kankan ò gbọ́dọ̀ fọ̀ ọ́ mọ́ tiyín tó kù.

Òjò tó bá ká mọ́tò mọ́ ìta kí wákàtí 24 tó pé ò tíì ba nǹkan jẹ́ tí ẹ bá tètè nù ún. Ẹ̀kán tó gbẹ síbẹ̀ fúnra rẹ̀ ló ń fi òrùka funfun sílẹ̀. Ní ọjọ́ 7 àkọ́kọ́, omi lásán ni. Tí ẹyẹ bá yàgbẹ́ sí i, ẹ rẹ ẹ́ pẹ̀lú omi, ẹ gbé e kúrò, ẹ má gbo ó.

Ohun tí àwọn olùtà kì í sọ: síràmíìkì ń mú kí òrùka omi burú sí i. Omi ò tẹ́ lórí rẹ̀ mọ́, ó ń dúró ní ẹ̀kán ribiti, oòrùn á gbẹ ẹ̀kán náà, ohun tó wà nínú omi á jókòó sójú kan. Omi bóhòòlù apá kan l'Ékòó ní irin nínú débi tó ń sọ táìlì ilé ìwẹ̀ di pupa. Ẹ má fi irú rẹ̀ ṣàn mọ́tò kí ẹ fi sílẹ̀. Ẹ nù ún gbẹ lábẹ́ ibòji. Òrùka tuntun funfun ń gbọ́ ti fínígà funfun tí ẹ lú mọ́ omi ní ìdajì-ìdajì, ìṣẹ́jú kan péré, kí ẹ sì ṣàn án. Ti irin pupa kì í gbọ́ fínígà, ohun ìyọ-irin tí wọ́n ń tà fún mọ́tò ló ń gbọ́.

Nígbà wo wá ni? Ìdákẹ́ òjò oṣù Kẹjọ ń tan èèyàn: òjò á dáwọ́ dúró, ọ̀rinrin ò ní dáwọ́ dúró. Fún ẹni tó ní òrùlé àti ògiri, a fọwọ́ sí i, láti aago mẹ́wàá sí mẹ́ta ọ̀sán. Oṣù Kọkànlá ló dáa jù. Nínú ọyẹ́, ẹ ti ilẹ̀kùn, ẹ wọ́n omi sílẹ̀ ilé kí eruku má bàa gbéra, kí ẹ sì pa fáànù. Ẹni tí kò ní ibi tó lè ti ilẹ̀kùn mọ́ mọ́tò fún odidi ọjọ́ kan, kó fi owó síràmíìkì ra sílántì àfọ́n ike mẹ́rin, kó sì jẹ́ kí ọkàn rẹ̀ balẹ̀.

Mọ́tò tí wọ́n ti tún kùn

Kí ẹ tó ná owó kankan, ẹ mọ ọ̀dà tó wà lára rẹ̀. Ẹ ṣí ibi tí wọ́n ti ń rọ epo, ẹ fi òwú tó ní tínà fọwọ́ kan ọ̀dà inú ibẹ̀ díẹ̀. Tí àwọ̀ bá tẹ̀ lé òwú, kò sí kílíà tó ní hádẹ́nà (kẹ́míkà tó ń mú ọ̀dà le) lórí rẹ̀. Ìda nìkan ni kí ẹ fún un. Kọ́ńpáùndì á jẹ ẹ́ dé fílà (ohun tí wọ́n fi dí ihò lábẹ́ ọ̀dà), ẹ̀rọ pólíìṣì á jẹ ẹ́ kíá ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ọ̀dà tuntun tó gbẹ nínú afẹ́fẹ́ lásán, láìwọ ilé ooru, ẹ fún un ní ọgbọ̀n ọjọ́ kó mí kí ohunkóhun tó bò ó. Lóṣù òjò, ẹ fi ọ̀sẹ̀ méjì kún un.

Fíìmù

Òun nìkan ló ń gba òkúta. Máíkírónù 150 sí 200 ni, ìlọ́po ìlọ́po kílíà. Òjò ò dí i lọ́wọ́, torí omi ọṣẹ ni wọ́n fi ń tẹ́ ẹ. Eruku ló ń pa á, torí náà ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tẹ́ ẹ fún yín nínú ọyẹ́ lábẹ́ àtíbàbà. Ẹni tó ń sáré lórí Third Mainland lójoojúmọ́ tàbí tó ń gba màrosẹ̀ Ìbàdàn ò nílò kó bo gbogbo mọ́tò: bọ́ńpà iwájú, ìdajì bọ́nẹ́ẹ̀tì, ẹ̀yìn dígí ẹ̀gbẹ́ àti ẹ̀yìn táyà iwájú ti tó. Ọ̀dà ilé iṣẹ́ ni kí ẹ tẹ́ ẹ lé. Lọ́jọ́ tí ẹ bá fẹ́ ṣí i kúrò lórí ọ̀dà ẹ̀gbẹ́ títì, òun àti ọ̀dà á jọ lọ ni.

Abẹ́ mọ́tò, níbi tí òtútù òkèèrè ti bá wa délé

Tòkúnbọ̀ tó wá láti Kánádà tàbí apá àríwá Amẹ́ríkà ti rìn lórí iyọ̀. Wọ́n ń da iyọ̀ sójú títì kí yìnyín lè yọ́, iyọ̀ yẹn ń wọ inú gbogbo kọ̀rọ̀ abẹ́ mọ́tò, ó sì ń bá a wọkọ̀ ojú omi dé Àpápá. Lójú wa, owó tó lọ síbí yìí wúlò ju èyí tó lọ sí dídán bọ́nẹ́ẹ̀tì.

Ohun méjì ni wọ́n ń fọ́n sábẹ́. Èyí dúdú bíi kóótà, tó ń gbẹ bíi rọ́bà, dára fún irin tó ṣì mọ́: ó ń gba òkúta, ó ń dín ariwo kù. Lórí irin tó ti dípẹtà, ibojì ni. Omi á gba etí kan tó ti ya wọlé, kò ní rọ́nà jáde, irin á sì máa jẹ lábẹ́ awọ tó ń dán. Ọ̀pọ̀ mọ́tò tí abẹ́ rẹ̀ dúdú mìnìjọ̀ nílé ìtajà ni wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀ fún láti fi bo nǹkan. Ẹ fi ìdí sùkúrúdíráfà gbá a: irin tó le á dún gan-an, èyí tó ti jẹ á dún bí páálí.

Èkejì ni ìda olóròóró, èyí tí kì í gbẹ tán. Ó ń rá wọ inú ìpẹtà, ó ń dí afẹ́fẹ́ mọ́ ọn, tí òkúta bá họ ọ́, á tún fúnra rẹ̀ ṣàn padà. Àléébù rẹ̀ ni pé ooru wa ń mú un kán sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, eruku ń lẹ̀ mọ́ ọn, ọdọọdún sì ni wọ́n ń tún un fọ́n. Fún tòkúnbọ̀ ọlọ́dún mẹ́wàá, òun la máa mú. Fún mọ́tò tuntun tó ń gba inú àgbàrá Lẹ́kì àti Àjá, a máa mú dúdú, ká sì fọ́n ìda sínú àwọn ihò fíréèmù níbi tí dúdú ò lè dé. Ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì àlòkù tí àwọn mẹkáníìkì ń fọ́n lọ́fẹ̀ẹ́, ẹ má gbà á: ó ń wú rọ́bà bọ́ọ̀ṣì, ó sì ní ásíìdì nínú.

Èyíkéyìí tí ẹ bá mú, wákàtí gbígbẹ ló tún kan. Ẹ fi omi alágbára fọ abẹ́ náà dáadáa, kí ẹ jẹ́ kó gbẹ fún odidi ọjọ́ méjì, nítorí omi tó há sínú fíréèmù kì í jáde lọ́jọ́ kan. Ẹ fi ọ̀rá wé díìsì bíréèkì, kálípà, ẹ̀gbẹ́ ẹ̀sọ́ọ̀sì àti ẹnu gbogbo wáyà. Bíréèkì tí ìda bá kàn ò ní mú. Lẹ́yìn náà ẹ wá àwọn ihò kékeré tó wà nísàlẹ̀ ilẹ̀kùn àti ẹsẹ̀ ìtẹ̀wọlé, níbi tí omi òjò ti ń sẹ̀ jáde, kí ẹ ki igi ìtayín kọ̀ọ̀kan bọ̀ wọ́n. Tí ẹ bá fọ́n tán, kó tó gbẹ, ẹ yọ àwọn igi náà, kí ẹ sì kà wọ́n kí wọ́n pé iye tí ẹ kì bọ̀ ọ́.